Ìran Tí Màmá Aríran Kò Rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́sàn-án. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sì sọ ọ́ fún wòlíì ìjọ wa. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ agbóhùn sí mi lẹ́nu. Bí n kò bá rí ẹni gbà mí nímọ̀ràn, irọ́ kan náà ni n ó tún pa.

Aránṣọ ni mí ní Sabon Gari, Kano. Aṣọ funfun tí àwa ọmọ ìjọ Àládùúrà ń wọ̀ ni mo ń rán jù. Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí, mo sì kàwé Yorùbá dáadáa kí n tó tẹ̀lé ọkọ wá sí òkè Ọya. Èyí ló sọ mí di akọ̀wé ìran nínú ìjọ wa. Àwọn ọmọ tí a bí sí Kano gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá wọn sọ ọ́, Hausa ni wọn ó fi dá yín lóhùn. Ta nínú wọn ni yóò wá fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀?

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí Ọlọ́run dá sí, Màmá Aríran yóò wọ yàrá àdúrà, èmi nìkan ni yóò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí Ẹ̀mí bá ti gbé e, yóò máa sọ̀rọ̀, èmi yóò máa kọ ọ́ sínú ìwé ìran. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀, kì í rántí ohun kan ṣoṣo nínú ohun tó sọ. Èmi ni n ó wá dà á kọ sórí bébà fún ẹni tó ni ín. Ọwọ́ mi ni gbogbo ìjọ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Jídé, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ó ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti mú ẹnu yẹn wá. Yóò fi ohùn wòlíì wa wàásù, yóò fi ohùn ìyàwó wòlíì já a lulẹ̀, yóò wá fi ohùn mai ruwa tó ń ta omi kiri ládùúgbò bá wọn parí ìjà.

Ọdún yẹn ni mo pàdánù ọmọbìnrin mi, Bọ́sẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Oṣù márùn-ún gbáko, n kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé mo pinnu rẹ̀. Ẹ̀rín kàn wábi gbà ni. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n fi orin dánra wò tán, Jídé ń sín wòlíì jẹ, mo kàn gbọ́ tí ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni. Ẹ̀rù bà mí. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo ń wo ọmọ náà bí ẹni ń wo iṣẹ́ ìyanu. Irú ẹ̀bùn wo nìyí, tó ń wọ ibi tí àdúrà gbogbo ìjọ kò lè wọ̀?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá àwáwí kó lè máa yà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Sùtánà kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọn ara rẹ̀ fún un.

Bàbá rẹ̀ ń ṣe rewáyà, iṣẹ́ iná ọkọ̀, ní Hotoro. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá bàbá náà jà, ó fẹ́ padà sí Ọ̀fà, ó sì fẹ́ kí Jídé bá òun lọ kí wọ́n jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Jídé fẹ́ dúró. Wọ́n ti ń pè é sí àwọn òtẹ́ẹ̀lì Airport Road kó wá pa àlejò lẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì gbà pé ohun tí Ọlọ́run bá sọ ni àwọn yóò ṣe. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, èmi àti Màmá Aríran wọlé.

Ohun tí Màmá sọ rèé, mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀: “Ẹ jẹ́ kí ọmọ bá bàbá rẹ̀ lọ. Mo rí bàbá tó na ọwọ́, n kò rí ọwọ́ tó dì í mú.”

Mo kọ ọ́ tán, mo ń wò ó. Mo gbọ́ ohùn Jídé láti ìta, ó ń pa bàbá rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́kàn mi pé, bí ọmọ yìí bá lọ, ta ló kù fún mi? Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé kò dáa. Mo fa bébà yọ, mo kọ ọ́ sí i pé: “Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dúró sí Kano. Mo rí èrò rẹpẹtẹ tí wọ́n la ẹnu sókè, ọmọ yìí ló ń bọ́ wọn.” Mo fi gbogbo àmì sí i.

Bàbá rẹ̀ ló kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ tán. Ta ni mí tí n ó bá Ọlọ́run jiyàn?” Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kejì ló wọkọ̀ lọ sílé, òun nìkan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó tẹ̀lé e ló ń dẹ́rù bà mí títí dòní. A máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò lọ síbì kankan. Ṣe ló ń ṣẹ níṣojú mi. Láti Airport Road, Jídé dé Kaduna, ó dé Abuja, ó dé Èkó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì, nínú yàrá kan tó to mátíréèsì mọ́ ògiri rẹ̀ kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má bàa wọlé. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì gbọ́ ọ.

Lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n wá wo òun nínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Hausa, Ìbò, Yorùbá, gbogbo wọn la ẹnu sókè bí ọmọ ẹyẹ. Àárín ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi hùmọ̀ ni mo jókòó sí. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara mi pé bóyá Ọlọ́run gan-an ló di ọwọ́ mi mú kọ ọ́.

Bàbá rẹ̀ ti kú kí ọdún tó yí po lẹ́yìn tó lọ sílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni a gbọ́, mo sì sọ fún ara mi pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Àfi ní oṣù tó kọjá tí Jídé sọ ọ́ lórí pọ́díkáàsì. Kò fi ṣe àwàdà rárá. Ó ní bàbá òun ṣubú lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni aládùúgbò tó rí i. Ó ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni wọ́n ti bá a, ọwọ́ rẹ̀ kan nà síwájú.

Mo dá máṣíìnì dúró. N kò lè yọ abẹ́rẹ́ kúrò nínú aṣọ.

Jídé wá sọ ohun tó fi ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: “Baba, abeg, no vex. Na God talk say make I stay.” Mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́, mo rò pé àṣà àwọn aláwàdà ni. Ọjọ́ yẹn ló tó yé mi pé ẹ̀bẹ̀ ni. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọmọ yìí ń bẹ òkú bàbá rẹ̀ nítorí ohun tí èmi ṣe.

Màmá Aríran ti darúgbó. Gbogbo ènìyàn ń yìn ín nítorí ìran Jídé. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn lóòótọ́?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.” Ó mi orí, ó sì ń wo ilẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Jídé pè mí. Ó ń bọ̀ wá ṣe ìdúpẹ́ ìkórè, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò sì ti ṣe pọ́díkáàsì ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ní, “Mummy, sannu da aiki. Make you read the vision for me. Wallahi, ban iya karatun Yarbanci ba.” Ó kí mi kú iṣẹ́, ó ní òun kò mọ Yorùbá kà. Ó wá fi Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ kún un pé, “Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ kà á, kí Bàbá gbọ́.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá sọ òótọ́, n ó gba ohun kan ṣoṣo tó ń tù ú nínú lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá n ó sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn. Bí mo bá dákẹ́, n ó tún fi orúkọ Ọlọ́run pa irọ́, níwájú gbogbo ìjọ, níṣojú Màmá Aríran.

Bébà tí mo fún bàbá rẹ̀ wà nínú férémù onígíláàsì, Jídé ń gbé e bọ̀. Ìwé ìran wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi, n kò lè sun ún láti ọjọ́ yìí wá. Ọwọ́ mi ló kọ méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, èwo ni kí n kà, kí Bàbá gbọ́?