Ìlà Tó Ń Sáré Lábẹ́ Ìbéèrè

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àbúrò mi gbéyàwó, ẹnu ara mi ló sì ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ni mí, ẹnu ni mo fi ń jẹun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòsì, kò sì sí òbí tó lè sọ pé àlàyé mi ò yé ọmọ òun. Ṣùgbọ́n ẹnu yìí kan náà ni mo fi ṣẹ ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, tí kò fi yọjú sí ilé mi fún oṣù mẹ́rin gbáko. Bí mo ṣe wá rí ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kì í ṣe pásítọ̀ ló là mí lójú, kì í ṣe àlùfáà. Géèmù ni. Bẹ́ẹ̀ ni, géèmù orí tẹlifíṣàn, èmi abiyamọ ọlọ́mọ méjì!

Dàmọ́lá ni àbúrò mi ń jẹ́, mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Akólòlò ni. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Kétu, nínú yàrá kan tí ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá wa gba ìdajì rẹ̀, bí a bá rán Dàmọ́lá ní búrẹ́dì, kó tó pe "búrẹ́dì" tán, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ti ra tirẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò á sì máa sín in jẹ títí á fi délé. Lọ́jọ́ kan Màmá pè mí, abẹ́rẹ́ ṣì wà létè wọn, wọ́n ní, "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́." Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹnu Dàmọ́lá. Mo bá a ra búrẹ́dì, mo bá a dá olùkọ́ lóhùn, mo bá a kí àlejò. Bó bá ti ń wá ọ̀rọ̀, èmi á ti bá a rí i. Ìfẹ́ ni mo pè é, ìfẹ́ náà sì ni. Ta ló wá mọ̀ pé ìfẹ́ lè dí ènìyàn lẹ́nu?

Ibì kan ṣoṣo ni kò ti nílò mi. Bùọ̀dá kan nínú ẹbí wa tó ń wa mọ́tò fún ọ̀gá kan ní Magodo ló gbé ẹ̀rọ géèmù kan wá fún wa, nítorí àwọn ọmọ ọ̀gá rẹ̀ ti dàgbà jù ú. Páàdì kan, èyí tí a fi ń darí eré lọ́wọ́, ló bá a wá, àti géèmù kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tí kò gbá géèmù rí. Ìràwọ̀ Keje ni àwa ń pè é. Ìwọ ni ọ̀gá ọkọ̀ kan tó ń fò láàárín àwọn ìràwọ̀, ní ayé kan tí àwọn ọmọ-ọmọ wa pàápàá ò ní bá. Wàá jà, wàá sì sọ̀rọ̀. Bí o bá ń jà, agbára rẹ á máa pọ̀ sí i. Bí ẹnìkan bá bá ọ sọ̀rọ̀, ìdáhùn mẹ́ta á yọ sísàlẹ̀ tẹlifíṣàn, èyí tí o bá mú ni ìtàn á tẹ̀ lé, bí ìgbà tí ènìyàn dé oríta. Èmi àti Dàmọ́lá pín iṣẹ́: bí ìjà bá dé, èmi ni mo ni páàdì, bí ọ̀rọ̀ bá dé, òun ni.

Nínú ọkọ̀ náà, mẹkáníìkì kan wà tó ní ọwọ́ mẹ́rin. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ò wọ̀ wá lẹ́nu, a kúkú ń pè é ní Ọlọ́wọ́mẹ́rin. Ojú rẹ̀ máa ń le, kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n géèmù náà kì í kán ènìyàn lójú. Ìdáhùn mẹ́ta yẹn á dúró sílẹ̀ bí oúnjẹ tí a bò. O lè lọ pọn omi, kí o dé, wàá bá wọn níbẹ̀. Dàmọ́lá á fi ọwọ́ lérán, á rò ó, á tún un rò, á wá mú ọ̀kan. Díẹ̀díẹ̀, Ọlọ́wọ́mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn wa, títí ó fi sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ tó kú fún wa. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n gbá géèmù yìí tán ò gbọ́ orúkọ yẹn rí, torí ìbọn ni wọ́n ń wá. Ẹ wò ó, ọmọ tí kò lè ra búrẹ́dì ní Kétu ló tu ọlọ́fọ̀ nínú láàárín ìràwọ̀!

Ọdún gorí ọdún, wọ́n ń sọ pé apá kejì géèmù náà ń bọ̀, kò dé. Màmá wa papò dà. Mo lọ sílé ọkọ, Dàmọ́lá kọ́ iṣẹ́ sólà, ó ń gbé iná sí orí ilé àwọn ènìyàn ní Mile 12 àti agbègbè rẹ̀. Síbẹ̀ ó tọ́jú ibi tí a dé nínú apá kìíní bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀, nítorí wọ́n ní apá kejì á rántí gbogbo ohun tí a ṣe. A sì ṣe àdéhùn pé ẹnìkan ò ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìsí ẹnì kejì.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Tóyìn, ọmọbìnrin tí Dàmọ́lá fẹ́ fi ṣaya, dé. A lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìkòsì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, ló ṣíwájú wa, èmi ni mo jókòó sí ipò ìyá. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere, àfi bí bàbá Tóyìn ṣe gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ sinmi ná. Dàmọ́lá, kí lo rí lára ọmọ mi?"

Dàmọ́lá dìde. Mo mọ̀ pé ó ti múra ìdáhùn sílẹ̀, torí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Mo rí i... mo rí i p-p..." Ilé pa rọ́rọ́. Ó dà bí ẹni pé Màmá dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú abẹ́rẹ́ létè. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Ó rí i pé ó níwà ni, sà! Ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì mọ oúnjẹ sè!" Àǹtí Tóyìn kan ju ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ò, àbí ti ọkọ! Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá wọn gbé e relé náà ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Dàmọ́lá jókòó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn." Oṣù mẹ́rin nìyẹn.

Kí ni mo ṣe? Mo bínú ni! Mo ní èmi tí mo gbà á lọ́wọ́ ìtìjú, èmi ló tún ń yàn lódì. Mo ní ẹ̀gbọ́n kì í bẹ àbúrò.

Àfi bí apá kejì ṣe dé lóòótọ́. Ọkọ mi ló gbé e wálé, ó rò pé á mú inú mi dùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo da àdéhùn, mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lémi nìkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ bí ẹni tó ti fẹ́ràn géèmù yìí tipẹ́: ó rẹwà. Yanrìn inú ìràwọ̀ tí ọkọ̀ wa kọ́kọ́ balẹ̀ sí, bí ẹni pé kí n fọwọ́ kó o. Ìjà rẹ̀ yá, kò sú ni. Inú mi dùn bí mo ṣe rí i pé ó rántí wa, ọkọ̀ wa, àní ibi tí ọkọ̀ náà ti fọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìlà pupa kan sábẹ́ gbogbo ìbéèrè. Bí wọ́n bá ti bá ọ sọ̀rọ̀, ìlà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bó bá tán kí o tó mú ìdáhùn, géèmù á bá ọ dáhùn. Wọ́n ní kí eré má baà falẹ̀ ni.

Ọlọ́wọ́mẹ́rin wọlé. Ó ti darúgbó. Ó ní, "Ọ̀gá, ǹjẹ́ o ṣì rántí orúkọ ọmọ mi?" Ìdáhùn mẹ́ta yọ. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ka gbogbo ìdáhùn tán kí wọ́n tó mú ọ̀kan, mo ń kà. Ìlà tán. Géèmù bá mi dáhùn pé, "Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́." Ọlọ́wọ́mẹ́rin ká ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wọ yàrá rẹ̀, ó tilẹ̀kùn.

Mo figbe ta. Ọkọ mi sáré wọlé. "Kí ló dé?" Mo ní, "Mo mọ orúkọ náà! Mo mọ̀ ọ́n! Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀!"

Bí mo ṣe sọ gbólóhùn yẹn tán, ẹnu mi ò padé mọ́. Mo gbé páàdì sílẹ̀, omi ń jáde lójú mi. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ni mi ò tíì pa òwe yẹn fún? Ọmọ ìyá mi nìkan ni mi ò jẹ́ kó pẹ́, mi ò jẹ́ kó yá.

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Dàmọ́lá, mo ti bẹ̀rẹ̀ apá kejì láìdúró dè ọ́. Mo sì ṣẹ̀ ọ́ nílé àwọn Tóyìn. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Lẹ́yìn náà mo dákẹ́. Áà, ó nira! Mo ki àtàńpàkò bọ ẹnu, mo gé e jẹ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ọlọ́... Ọlọ́wọ́mẹ́rin ń k-kọ́?" Mo ní ó ti bínú wọlé. Ó ní, "Ẹ má... ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, Àǹtí mi. Mò ń b-bọ̀."

Ó dé lọ́jọ́ Àìkú. Òun ló wá inú géèmù náà títí ó fi rí ibi tí a ti lè pa ìlà pupa yẹn. A bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ìjà, òun ọ̀rọ̀. Ó mú orúkọ ọmọ náà, Ọlọ́wọ́mẹ́rin sì jókòó tì wá. Nígbà náà ni mo bi í pé kí ló fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn. Mo dúró. Omi tí mo gbé kaná hó, ó ń ta dànù, mi ò dìde. Ó ní, "Mo rí i p-pé... ó máa ń dúró dè mí."

Ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn. Ohun tí mo fi oúnjẹ sísè dí nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ rèé. Dàmọ́lá ní lọ́jọ́ ìdána, òun fúnra òun ni òun máa dá àwọn àna òun lóhùn. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ fárí gá. Wọ́n ní ìdílé wa ò ní tẹ́ lójú ọ̀pọ̀ èrò, wọ́n ní, "Ìwọ ni o máa ń bá a sọ ọ́, wàá bá a sọ ọ́." Mo ti ṣèlérí fún àbúrò mi pé mi ò ní lanu. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Bí ilé bá pa rọ́rọ́, tí gbogbo ojú yí sí mi, tí Bàbá ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà há sí i lọ́fun, kí ni mo máa fi di ara mi mú? Kí ni mo sì máa sọ fún Bàbá ṣáájú ọjọ́ náà tí kò ní dà bí àfojúdi? Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ẹni tí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ nílé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má kánjú. Ẹ rò ó dáadáa. Mò ń dúró dè yín.