Mo Fẹ́ Ran Ọlọ́run Lọ́wọ́ Nínú Ìbínú Rẹ̀

Inú ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń kọ ìwé yìí, ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ikú sì ni wọ́n dá fún mi. Ẹ̀wọ̀n náà kò tóbi: àga méjì níwájú, ọ̀kan gbọọrọ lẹ́yìn, àti ilẹ̀kùn tí kò ṣeé ṣí láti inú. Mọ́tò kékeré tí a ń pè ní ìjàpá ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ bí mo ṣe débẹ̀.

Délé ló ni ín. Yàrá kan náà ni èmi àti Délé gbé ní yunifásítì. Kóòtù kan ṣoṣo la ní láàrin ara wa. Ẹni tó bá ń lọ kí obìnrin ló ń wọ̀ ọ́. Èdè Gíríìkì ni mo kà, Gíríìkì náà ló sì ń pè mí títí a fi kọ́lé kojú ara wa ní Bódìjà.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, Délé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìjàpá rẹ̀ sẹ́nu géètì mi.

“Délé, gbé mọ́tò rẹ kúrò níbí.”

“Gíríìkì, mọ́tò wo lo fẹ́ gbé jáde? Àbí bàtà rẹ ni?”

Òótọ́ ni, n kò ní mọ́tò. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ wàásù láti inú Róòmù orí kejìlá, pé kí a má gbẹ̀san, kí a fi àyè sílẹ̀ fún ìbínú Ọlọ́run, Òun ló ni ẹ̀san. Inú mi dùn. Mo délé, mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń retí ẹ̀san. Ẹ̀ka máńgòrò gbígbẹ kan wà lókè mọ́tò náà. Mo fi ojú júwe rẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó. Òjò rọ̀ ní Mọníyà, ìjì ṣí òrùlé ní Ẹlẹ́yẹlé, ẹ̀ka tèmi kò mì.

Ibẹ̀ ni ìdánwò ti wọlé. Mo ní ṣebí ènìyàn ni Ọlọ́run máa ń rán níṣẹ́. Ta ló sún mọ́ ibẹ̀ jù mí lọ? Epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Bí mo bá fa ti inú táńkì rẹ̀ tán, ìgbéraga parí. Lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí Délé lọ gẹrun ní Mọ́kọ́lá, mo ki rọ́bà bọ táńkì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu fà á. Epo kún kẹ́ẹ̀gì. Mo tún fà á kí n lè gbẹ ìsàlẹ̀. Ẹ̀kún ẹnu kan gba ọ̀nà ọ̀fun lọ.

Ìyàwó mi sáré jáde. “Bàbá Dúpẹ́! Kí lẹ ń mu?”

“Ìbínú Ọlọ́run,” ni mo wí, mo bá ṣubú.

Délé dé bá mi nílẹ̀. Kò sí mọ́tò mìíràn nítòsí. Ó da epo inú kẹ́ẹ̀gì padà sí táńkì, ó gbé mi dé ọsibítù ní Ring Road.

“Gíríìkì, o ò bá béèrè omi,” ló wí lọ́nà. Ó tún ní: “Mo ti fẹ́ gbé mọ́tò yìí kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Mo kàn rí i pé o ń gbé àga jáde lójoojúmọ́ láti máa bá mi ṣọ́ ọ. Mo ní, ọ̀rẹ́ rèé!”

Epo kò gbóná nínú mi tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìyàwó mi ló dájọ́: “Mọ́tò yìí lẹ ó máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì títí ọlọ́jọ́ á fi dé.” Délé di wọ́dà mi. Òun ló máa ń ṣílẹ̀kùn náà fún mi láti ìta, ó sì ń fi ohùn rẹ̀ tó ti há kọrin láti Bódìjà dé Challenge.

Ọlọ́jọ́ ti dé bá wọ́dà báyìí. Àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ wọ́ mọ́tò náà dànù. Mo ní kí wọ́n gbé e sẹ́nu géètì mi. Inú rẹ̀ ni mo wà yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rẹ́ bá ṣẹ̀ yín, ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má bá a di rọ́bà mú.

Ìyá Dúpẹ́ o! Mo ti kọ ọ́ tán. Wá ṣílẹ̀kùn fún mi.