Àpótí Dádì

Nínú train ní Calgary, nọ́ọ̀sì kan ń nu ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó gbé àpótí dúdú kékeré kan lé itan.

"Ẹ kàn text mi pé, 'Àpótí Dádì ti dé.' Pósí ni mo rò! Mo bú sẹ́kún lẹ́nu iṣẹ́."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kámẹ́rà wọn nìyí. Àbí o ti gbàgbé pé àpótí ni wọ́n máa ń pè é?"

"Páálí lásán!"

"Páálí ni ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà yìí fi ń ṣe é, kí tálákà náà lè ya fọ́tò. Ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé, àpótí ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Dádì fúnra wọn ńkọ́?"

"Wọ́n bú mi lórí fóònù láàárọ̀ yìí pé mo pẹ́ kí n tó lọ gbà á ní ilé ìfìwéránṣẹ́."

Nọ́ọ̀sì náà mí kanlẹ̀. "Kí wọ́n máa bú yín lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Kí wọ́n ṣáà máa bú yín lọ."