Ẹja Tí Mo Sẹ́ Lójú Barakah

Ẹ̀yin ará mi tí a jọ ń fi ìwọ̀ pẹja ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo kí yín ní orúkọ Olúwa. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti ń rẹ̀, àti pé òun kò lè ṣèlérí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. N kò sọ èyí kí ẹ lè ṣàánú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lábẹ́ ahọ́n mi fún ọdún kan ó lé oṣù mẹ́ta, kò sì yẹ kí n gbé e wọ sàréè. Èmi Láníyọnu, tí ẹ sọ ní Bàbá Kúrúngú, mo fẹ́ tú u sílẹ̀ lónìí. Mo ti ní kí Hamzah kà á sókè fún yín, nítorí ohùn mi kò lè bá a dé òpin.

Ẹ mọ bí dáàmù wa ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọyẹ́. Ìkùukùu á bo omi, a kò ní rí ojú ara wa, ikọ́ ara wa la ó kàn máa gbọ́, ọ̀pá ìwọ̀ á sì dà bí ohun tí afẹ́fẹ́ dì mú. Mo ti gbàdúrà níbẹ̀ ju bí mo ṣe gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ebi kọ́ ló ń gbé wa lọ síbẹ̀. Adédoyin ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Post Office, Hamzah ń ránṣọ ní Challenge, èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà; ìgbádùn la bá lọ. Síbẹ̀, àrọ̀ àti epìyà nìkan la kà sí ẹja. Bí kúrúngú bá gbé ìwọ̀ wa mì, ẹja kékeré ẹlẹ́gùn-ún mẹ́ta yẹn, tó máa ń dún kín-ín-kín-ín bí a bá fà á jáde nínú omi, a ó jù ú sórí iyanrìn kí àwòdì gbé e. Hamzah á ní, "Ẹ jù ú nù jàre, ẹja tó ń sunkún kò ṣeé jẹ." A ó sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo sùn lọ lábẹ́ igi máńgòrò ilé mi, mo sì lá àlá. Mo rí dáàmù náà, omi kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ìmọ́lẹ̀ ló kún un. Gbogbo ẹja tí a ti jù nù láti ọjọ́ pípẹ́ wá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ náà, wọ́n ń dún kín-ín-kín-ín, ìró wọn sì dà bí orin ìyìn tí mo mọ ohùn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí n kò rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo jí pẹ̀lú omi lójú. Àrọ̀ ti ń dín kù nínú dáàmù, gbogbo wa la mọ̀. Ẹlẹ́dàá kò dá ẹja méjì péré. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wàásù fún yín pé kí a máa jẹ ohun tí ìwọ̀ bá mú wá, kí a fi àrọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó lè bí sí i. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbà pé kí n yan kúrúngú kí ẹ tọ́ ọ wò. Òótọ́ ni ìwàásù náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò sọ ọ́ di irọ́.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìtọ́wò, mo mú kúrúngú méjìlá. Èmi fúnra mi ni mo tún wọn ṣe, ìgbéraga kò jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo fọ́ òróòro sí ara wọn, n kò sì fọ ohun tó ń yọ̀ lára wọn kúrò. Nígbà tí mo yan wọ́n tán tí mo fi ọ̀kan sẹ́nu, ó korò, ó ń rùn bí ẹrẹ̀. Mo jókòó ti ààrò, ẹ̀rù bà mí. Mo wí nínú ọkàn mi pé bí ẹ bá jẹ èyí, ẹ kò ní gbọ́ tèmi mọ́ láé. Ẹ wo bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń wọ aṣọ oore. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Oyì, mo ra àrọ̀ kéékèèké lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ẹja, mo gé orí wọn nù kí ẹ má baà dá wọn mọ̀, mo yan wọ́n, mo sì gbé wọn síwájú yín. Ẹ jẹ, ẹ lá ìka. Adédoyin ní, "Bàbá, ẹ ti là wá lójú. Àṣé oyin la ti ń jù fún àwòdì." Èmi ni mo gbàdúrà ìdúpẹ́ lé e. Ẹnu yìí kan náà ni.

Barakah wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, opó tó kéré lọ́jọ́ orí, ọmọ àwọn àgbẹ̀ Òkè-Oyì, tó ń se ìrẹsì tà lábẹ́ àtíbàbà létí dáàmù. Ó mú ẹyọ kan, ó yí i síwá sẹ́yìn lọ́wọ́, ó wò mí. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán ló ní, "Bàbá, Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i. Ìyá mi máa ń yan kúrúngú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí gba kúrúngú tí ẹ bá mú. Ó ń fi eérú gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ wọ́n, ó ń yọ òróòro wọn láìfọ́, ó ń fi igi gúáfà yan wọ́n. Ọmọ méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé iṣẹ́ tí òun á fi tọ́ wọn nìyí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wá fún wa, ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀, omi náà dákẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí. Hamzah fi sẹ́nu, ó ní, "Barakah, kí lèyí?" Ó ní, "Kúrúngú ni, Bọ̀dá Hamzah." Hamzah ní, "Kúrúngú tí Bàbá fún wa kọ́ nìyí. Tiwọn lọ́ràá, ó rọ̀. Èyí gbẹ. Ṣé kì í ṣe èyí tó ti kú sétí omi lo ṣà jọ?" Ó ní, "Wàlláhì, ẹ̀yin náà lẹ fi ìwọ̀ mú un. Ó ṣì ń dún lọ́wọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ gbé e fún mi." Adédoyin wá ní, "Ìyàwó, àbí àwòdì lo fi wá pè?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Hamzah, máa kà á lọ, má dúró. Ẹ̀bi rẹ kọ́. Èmi ni mo kọ́ ẹnu rẹ ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Ẹ tọ́ ọ wò." Barakah rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó gbà pé ẹjọ́ òun ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò dá a láre. Mo bù ú sẹ́nu. Ẹ̀yin ará, ó dùn. Ó dùn ju irọ́ mi lọ. Òórùn èéfín gúáfà náà gbé mi padà sínú àlá yẹn, mo rí ìmọ́lẹ̀ náà, mo gbọ́ orin náà, ara mi sì fúyẹ́ bí ti ẹni tó ti rìn jìnnà tó wá dé ilé. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú yín. Bí mo bá ní òun nìyí, ẹ ó béèrè ohun tí èmi fún yín jẹ. Mo tu ú sí ọwọ́ mi, mo sì wí pé, "N kò mọ ẹja yìí."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà sì tó. Ẹ da ẹja rẹ̀ sórí iyanrìn. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé Òkè-Oyì pé ó ń yan òkú ẹja tà. Àwọn èèyàn kò jẹ ìrẹsì rẹ̀ pàápàá mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó tú àtíbàbà rẹ̀, ó dì í lé orí, ó lọ. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí ju kúrúngú fún àwòdì, èmi sì jókòó láàárín yín, mo ń wò. Mo ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ Ìsinmi pẹ̀lú ẹnu tí mo fi tu oúnjẹ opó.

Oṣù tó kọjá, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dókítà, mo lọ bá a ní ilé bàbá rẹ̀. Ó ń pa ẹ̀pà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní ara yín kò yá." Ó bu omi fún mi. Mo sọ ohun gbogbo fún un, kò sì dẹ́kun ẹ̀pà pípa. Nígbà tí mo sọ tán, ó ní, "Mo mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ìrù kúrúngú là sí méjì bí àlùmọ́gàjí. Ìrù èyí tẹ́ ẹ fún wa rí róbótó. Orí lẹ gé, ẹ kò rántí ìrù." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ó ní, "Ẹ tó bàbá mi. Mi ò lè dójú tì yín láàárín èèyàn. Mo rò pé tó bá kan tèmi, ẹ̀yin náà á bò mí." Mo sunkún níwájú rẹ̀ bí ọmọdé, mo bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó wá ní, "Bàbá, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n inú yàrá kọ́ lẹ ti sẹ́ ẹja náà. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni màá ro tèmi."

Ìdí ìwé yìí nìyẹn. Barakah kò purọ́. Kúrúngú ló yan, ààyè ẹja ni, èmi ni mo jẹ́ opùrọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré láàárín wa, bí ohun rere bá wà lẹ́nu yín, ẹ má fi irọ́ ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, bó tilẹ̀ ń tiro. Bí ìwọ̀ yín bá mú kúrúngú lónìí, ẹ má jù ú nù. Ẹ gbé e lọ sí Òkè-Oyì, kí gbogbo yín lọ, kí ẹ sì lọ ní ọ̀sán gangan kí àwọn ará ibẹ̀ lè rí yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ yín bí a ṣe ń yan án. Ẹ má gbàdúrà ìdáríjì fún mi kí ẹ tó débẹ̀. Mo ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì mọ̀ pé aláàánú ni. Ṣùgbọ́n Barakah ni mo ṣẹ̀, òun kò sì tíì dá mi lóhùn. Mo gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà, mo ń retí.