Ẹ̀gbọ́n Ṣì Ń Sọ Pé Òun Wà Láàyè

Rárá o, ọ̀gá, mi ò jókòó, ẹ má fi àga lọ̀ mí, ìdúró ni mo máa sọ ọ́, torí bí mo bá jókòó ẹkún ló máa gbà á, ẹkún kọ́ sì ni mo bá wá sí ọ́fíìsì yín láàárọ̀ yìí! Mo ti ti ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo tì í. Ìlà kan, ọ̀gá! Ìlà àṣẹ kan ṣoṣo tá a kọ sínú ẹ̀rọ! Òní ni mo kọ́kọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ látìgbà tá a ti sin bàbá mi, mi ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ léjìká, mo ṣí inú ẹ̀rọ yẹn wò, ìlà yẹn ò sí níbẹ̀! Ẹ ò tíì dá a padà! Lẹ́yìn gbogbo ohun tójú rí!

Ẹ ní kí ni? Ìlà wo? Háà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ mú mi wọ yàrá ẹ̀rọ yẹn nígbà tí mi ò mọ orí wáyà yàtọ̀ sí ìdí, tẹ́ ẹ ní, "Wò ó, àwọn ẹ̀rọ méjì yìí ni ẹnubodè. Gbogbo ilé tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì wa, inú ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ń gbà jáde sáyé." Ẹ̀yin lẹ sọ wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò. Ẹ ní Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣiṣẹ́, Àbúrò ń ṣọ́ ọ, wáyà kan so wọ́n pọ̀, orí wáyà yẹn ni Ẹ̀gbọ́n ti ń sọ fún un pé, "Mo wà láàyè, mo wà láàyè," tó sì ń fi gbogbo ẹni tó gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ kọjá hàn án, pé ọjọ́ tí ohùn Ẹ̀gbọ́n bá dákẹ́, kí Àbúrò bọ́ sípò kíá, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ ní bí iṣẹ́ wa bá dáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé a wà láyé.

Ẹ sì kọ́ mi pé ìyẹn nìkan ò tó. Àbí irọ́ ni mo pa? Ẹ ní Ẹ̀gbọ́n lè wà láàyè kí ọ̀nà tó gbà jáde síta ti já, iná ẹ̀ á máa tàn, á máa mí, àmọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá kó fún un, inú òfìfo ló ń dà á sí. Ìdí tí ìlà yẹn fi wà nìyẹn! Kí Ẹ̀gbọ́n máa wo ọ̀nà ìta, bó bá ti já, kó gbé ipò sílẹ̀ fún Àbúrò. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ yọ ọ́!

Mo mọ̀, mo mọ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ má sọ pé mo ń rẹ́ yín jẹ. Ọ̀nà ìta ń já, ó tún ń so padà lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ yọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n ń gbé iṣẹ́ fún Àbúrò, Àbúrò ń gbé e padà fún Ẹ̀gbọ́n, àwọn kọ́sítọ́mà ń pariwo, àwọn ọ̀gá àgbà sì ń bọ̀ wá wo ilé iṣẹ́. Ẹ ní ká yọ ìlà yẹn ná, kára lè rọ gbogbo wa. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀nà ìta ṣe, ká má fọwọ́ kan ìlà yẹn." Ẹ ní àlejò ń bọ̀. Àwọn àlejò wá, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Mo ní, "Ọ̀gá, ìlà yẹn ńkọ́?" Ẹ ní ọ̀la. Mo ní ká tiẹ̀ fa wáyà ìta yọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ká dán an wò bóyá Àbúrò á bọ́ síbẹ̀. Ẹ ní, "Ṣé o fẹ́ ba tiwa jẹ́ ni?" Mi ò sì lè fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀la, ọ̀la, ọ̀la! Ọ̀la wo? Ọ̀la bàbá mi dà?

Ẹ má sọ fún mi pé kí n rọra. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rọra.

Ẹ mọ bàbá mi, ọ̀gá. Télọ̀ tó rán kóòtù tẹ́ ẹ wọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gba ipò yìí ni. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn, látìgbà tí mo ti gbọ́njú, abẹ́rẹ́ ló sábà máa ń wà láàárín ètè wọn. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo wà nílé, ìsinmi ni mo wà, wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nílùú kejì, ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì bá mi gbé fóònù tá a fi ń rí ojú ara wa ti ìrọ̀rí wọn, ó jáde. Wọ́n wò mí, ojú wọn mọ́ kedere. Wọ́n ní, "Màmá Kékeré," bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "sún mọ́bí. Ohun tí mi ò sọ fún ìyá ẹ rí látọjọ́ tá a ti jọ wà ni pé..."

Ó tán! Ibẹ̀ ló dúró sí! Ẹnu wọn là sílẹ̀, ọwọ́ wọn wà lókè, gbogbo ẹ̀ dì bíi fọ́tò. Iná àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé mi sì ń tàn kedere, bí ẹni pé nǹkankan ò ṣe é. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ta ni kó tún mọ̀ ọ́n? Ọ̀nà ìta ti já, Ẹ̀gbọ́n sì ń sọ fún Àbúrò pé òun wà láàyè, Àbúrò gbà á gbọ́, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò! Mo fẹsẹ̀ lásán sáré jáde sí títì, mo ń wá dátà orí fóònù, mo ń na fóònù sókè bí aṣiwèrè. Ìgbà tí ìpè mi fi máa wọlé, nọ́ọ̀sì ló gbé e. Ó ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mà, bàbá ti sùn. Ẹ kú sùúrù o, bàbá mà bá yín sọ̀rọ̀ o!"

Mo ní, "Bá mi sọ̀rọ̀ kẹ̀?"

Ó ní nígbà tóun wọlé, bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀ sí fóònù, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n ń sunkún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín, òun ò tẹ́tí sí i torí ọ̀rọ̀ bàbá àtọmọ ni. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n ní, "Ṣó o gbọ́?" Fóònù ò dáhùn. Wọ́n tún ní, "Màmá Kékeré, ṣó o gbọ́?" Àánú wọn ṣe nọ́ọ̀sì, ó bá ní, "Ó gbọ́, bàbá." Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n dijú.

Wọn ò lajú mọ́, ọ̀gá.

Ìyá mi wá ń bi mí! Lójoojúmọ́! Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn pé bàbá bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́. Wọ́n á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n á ní, "Kí ni bàbá ẹ sọ?" Mo ní mi ò gbọ́. Wọn ò gbà. "Ṣé obìnrin míì ni? Ṣé ọmọ ló wà níbì kan? Sọ ọ́, ara mi á gbà á." Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ò gbà mí gbọ́ mọ́! Èmi náà ńkọ́? Fáànù àwọn ẹ̀rọ yẹn tó ń hó, mò ń gbọ́ ọ nínú ẹ̀: ṣó o gbọ́, ṣó o gbọ́. Láàárọ̀ yìí mo dá a lóhùn. Mo ní, "Rárá, bàbá." Akọ̀wé yín tó ń kọjá dúró, ó wò mí, ó yára lọ.

Ẹ̀yin wá dìde nípàdé, wọ́n sọ fún mi o, ẹ ní, "Ìdádúró ránpẹ́ ni, kò sẹ́ni tó kú." Kò sẹ́ni tó kú! Ẹ sì wá sílé wa, ẹ jókòó sórí àga bàbá mi, ẹ di ìyá mi lọ́wọ́ mú, ẹ ní kí wọ́n mọ́kàn le. Ṣé ẹ sọ fún wọn? Ẹ mu omi wa, ẹ lọ!

Rárá, mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ pa wọ́n. Àìsàn ló pa wọ́n. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, mi ò ka ikú wọn sí yín lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mò ń béèrè! Ta ló máa dá a padà fún mi?

Ẹ ní kí ni? Ẹ máa kọ ìlà yẹn lọ́la? Ẹ tún pe ọ̀la! Ẹ tún pè é lójú mi!

Ẹ dìde. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ sí yàrá ẹ̀rọ nísinsìnyí, ẹ máa kọ ìlà yẹn padà, n ó máa wò yín. Lẹ́yìn náà, a máa dán an wò lójú mọmọ. Màmá yín wà láyé, kí Ọlọ́run dá wọn sí, ilé tí wọ́n ń gbé, ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n náà ló ń gbà. Ẹ pè wọ́n. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ti ń wù yín láti bi wọ́n tipẹ́, tẹ́ ò rójú bi wọ́n. Bí wọ́n bá ti dé àárín ọ̀rọ̀, ẹ fọwọ́ ara yín fa wáyà ìta yọ. Bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ dáadáa, màmá ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ dé òpin.

Ẹ ò lè ṣe é? Kí ló dé? Ṣebí ìdádúró ránpẹ́ ni?

Ẹ wo ọwọ́ yín, ọ̀gá, ẹ ti fi bo fóònù yín mọ́lẹ̀. Ó dáa. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi bò ó yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó kọ ìlà yẹn. Ẹ máa lọ níwájú.