Ìbọn Tí Mo Yìn Lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, torí mo fẹ́ ba orúkọ ara mi jẹ́ lónìí, mo sì fẹ́ bà á jẹ́ débi pé kò ní ṣe é tún ṣe mọ́. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi pè mí ní Akọni ládùúgbò wa. Onígbàjámọ̀ òdìkejì títì kì í gbowó lọ́wọ́ mi. Bí mo bá wọ ilé ìfowópamọ́, wọ́n á ní kí n bọ́ síwájú, ẹni tó ti wà lórí ìlà láti àárọ̀ á sì tún kí mi. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Akọni kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀, àti ìbọn, àti ọkùnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín ríro fún: ẹ̀jẹ̀ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín náà sì ń bẹ níbẹ̀.

Títún máṣíìnì ìránṣọ ṣe niṣẹ́ mi. Gbé máṣíìnì tó ń já òwú wá, èyí tó ń rán ọ̀kan fo ọ̀kan, èyí tó ń ké bí ẹni tí ìyàwó tì síta, kó tó di ọjọ́ kẹta á ti máa rìn jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó yó. Mo sì ní àṣà kan ní ṣọ́ọ̀bù mi tí gbogbo télọ̀ mọ̀. Bí o bá gbé iṣẹ́ wá, màá já tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ láti inú ìwé kan: ìdajì kan lọ́wọ́ rẹ, ìdajì kejì nínú ìwé. Mo máa ń sùn lọ́sàn-án, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí mi, torí ajá tí wọ́n gba eegun lẹ́nu rẹ̀ sàn jù mí lọ tí wọ́n bá jí mi lójú oorun ọ̀sán. Nítorí náà, bí iṣẹ́ rẹ bá ti yá, wọlé jẹ́jẹ́, gbé máṣíìnì rẹ kúrò lórí pẹpẹ, fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ kọ́ ìṣó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, máa lọ. Ta ló dá àṣà náà sílẹ̀? Èmi. Ta ló kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú ọ̀dà pupa? Èmi náà ni. Ẹ rántí pé èmi ni, torí ìgbà kan ń bọ̀ níwájú tí èmi ò ní fẹ́ rántí.

Ìgbà tó yá ni òfin dé. Aṣòfin tó ń ṣojú wa, ọkùnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ló gbé e wá. Òfin náà rọrùn láti há sórí: bí o bá bá ẹnikẹ́ni nínú ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ tó ń gbé ẹrù rẹ láìgbàṣẹ, tí o sì pa á, o ò jẹ̀bi. Kò dìgbà tó bá mú ọ̀bẹ dání. Kò dìgbà tó bá kọjú sí ọ. Ẹrù rẹ ló gbé, ó parí. Olè ti jí máṣíìnì méjì lọ lọ́wọ́ mi lọ́dún tó ṣáájú, nítorí náà mo pàtẹ́wọ́ fún òfin yìí títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi pọ́n. Mo lọ ra ìbọn, èyí tí ọta kan ṣoṣo ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ki ọ̀kan sínú rẹ̀, mo tì í sábẹ́ àga gbọọrọ tí mo máa ń sùn lé, mo kó ìyókù ọta sínú dúrọ́ọ̀ tí mo ń kó epo máṣíìnì sí.

Ìyàwó mi wò mí títí. Ó ní, "Olówó orí mi, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

Mo ní, "Ààbò ni."

Ó ní, "Ààbò. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé bí eku bá kọjá, orí tábìlì la ti máa ń wá yín."

Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín, pé ọjọ́ tí olè bá dé ló máa mọ̀ pé ọkùnrin ló fẹ́.

Ọjọ́ náà dé lọ́sàn-án gangan, oòrùn dúró lórí bí ẹni tó ń wòran. Mo sùn, mo sì ń lá àlá pé aṣòfin ń fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ mi láyà. Ariwo irin ló jí mi. Mo la ojú kan, mo rí ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó gbé máṣíìnì léjìká, tó kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Mi ò bi í pé ta nìyẹn. Mi ò wúkọ́. Mo na ọwọ́ sábẹ́ àga, mo fa ìbọn yọ, mo yìn ín. Òun àti máṣíìnì ṣubú papọ̀, eruku bo gbogbo ilé. Mo dúró, mo sì ń sọ fún ara mi pé, "O ṣe é, ọkùnrin ni ọ́." Mo ti ń múra bí màá ṣe bẹ̀rù òkú nígbà tí òkú náà sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Èmi Abẹ́rẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì mi wà lára ìṣó."

Abẹ́rẹ́ ni télọ̀ tó tínrín jù láyé yìí. Bó bá yí ẹ̀gbẹ́ sí ọ, wàá rò pé ó ti lọ sílé ni. Máṣíìnì dúdú tó gbé, ti ìyá rẹ̀ ni, òun ni obìnrin náà fi ránṣọ títí ọlọ́jọ́ fi dé, òun náà ló sì fi tọ́ ọ dàgbà. Ọta ti wọ̀ ọ́ nítan, ó dojú bolẹ̀, kò lè yíjú. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Tíkẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀, ó ṣì ń mì lára ìṣó.

Ẹ jẹ́ kí n fo ohun kan níbí. Màá padà sí i, ẹ má ṣèyọnu, ẹni tó ti bọ́ṣọ tán kì í tún dá ṣòkòtò sí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ni pé nígbà tí mo gbọ́ ìró bàtà ìyàwó mi lórí àtẹ̀gùn ilé wa tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù, mo já tíkẹ́ẹ̀tì náà lára ìṣó, mo sọ ọ́ sẹ́nu, mo gbé e mì. Ó há mi lọ́fun. Ìyàwó mi wọlé, ó rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, ó rí èmi tí mò ń wúkọ́, ó wá fún mi lómi mu. Ẹ ò ríyẹn? Ẹni tí wọ́n yìnbọn fún wà nílẹ̀, ẹni tó yìn ín ni wọ́n ń bu omi fún. Ó bu omi fún mi tán kó tó sáré pe àwọn elétò ìlera.

Wọ́n gbé Abẹ́rẹ́ lọ sílé ìwòsàn, láti ibẹ̀ ó di ilé ẹjọ́. Mo búra pé mo ti ra máṣíìnì náà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, pé ó wá jí i padà ni. Àwọn télọ̀ wá jẹ́rìí pé àṣà ṣọ́ọ̀bù mi ni kéèyàn fi tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ìṣó kó sì gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ. Agbẹjọ́rò ìjọba ní, "Ó dáa. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin yìí dà?" Ta ló máa rí i? Wọ́n bi mí léèrè ìwé tí mo ti ń já a, mo ní ó ti sọnù. Wọ́n wá bi Abẹ́rẹ́ pé ṣé ó ní ọ̀rọ̀ sọ. Ó di ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe èèyàn burúkú, oorun ló wà lójú wọn. Lẹ́yìn tí mo ṣubú, mo gbọ́ tí wọ́n sáré ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n ń wá aṣọ tí wọ́n máa fi dì mí lẹ́sẹ̀. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn." Adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Mo jáde, wọ́n gbé mi sókè. Bí mo ṣe wà lórí èjìká àwọn èèyàn tó, ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀ yẹn ló ń dún létí mi.

Oṣù mẹ́rìnlá kọjá. Ìyàwó mi ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ti àpótí irin kan kúrò lára ògiri, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ jábọ́ sílẹ̀. Ó ṣí i, ó rí ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì Abẹ́rẹ́: orúkọ rẹ̀, máṣíìnì dúdú, "ó yá," gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ obìnrin yìí, tó máa ń ráhùn lójú oorun pàápàá, ẹ ò ní gbà mí gbọ́: kò sọ nǹkan kan. Ó já ìdajì náà, ó sì fi sábẹ́ àwo oúnjẹ mi. Mo gbé àwo, mo rí i, mo gbé àwo bò ó padà. Ọjọ́ kejì, ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta. Mo gbìyànjú àtijẹun lórí ìdúró. Ọjọ́ kọkànlá ni mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Ó ní, "Èmi? Oúnjẹ ni mò ń gbé fún yín o. Ẹ jẹun."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni aṣòfin ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n fẹ́ fẹ òfin náà lójú, kó lè kan àgbàlá, kó kan ọgbà, kó kan iwájú ilé títí dé etí títì. Wọ́n pe àwọn ará ìlú sí gbọ̀ngàn láti wá sọ èrò wọn, èmi ni wọ́n fẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo wọ aṣọ funfun. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn pátápátá. Aṣòfin di ọwọ́ mi mú bí ìyàwó tuntun, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, Akọni nìyí." Wọ́n pàtẹ́wọ́, òrùlé fẹ́ ṣí.

Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní, "Ẹ ṣeun. Abẹ́rẹ́ ò jalè. Máṣíìnì rẹ̀ ló wá gbé. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lára ìṣó, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ìdajì kejì rèé." Mo gbé e sókè.

Mo rò pé ilẹ̀ máa lanu ni. Ilẹ̀ ò la nǹkan kan. Aṣòfin rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ wo olóòótọ́. Àṣìṣe ni, ẹ̀yin èèyàn mi, òfin wa sì ti ro ti àṣìṣe: ẹni tó bá gbà lọ́kàn rẹ̀ pé olè lòun rí, kò jẹ̀bi ìbọn tó yìn. A ó tú télọ̀ náà sílẹ̀, a ó bá a tọrọ àforíjì, òfin á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ." Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀ẹ̀kejì. Mo jẹ́wọ́ tán, mo tún di akọni sí i. Àyè ṣí sílẹ̀ fún mi kí n lọ sílé, kí n jẹun, kí àwo mi mọ́ lábẹ́. Mo wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Obìnrin mi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Kò mọ ohun tó kù, ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí, ó sì mọ̀ pé nǹkan kù.

Mo gba ẹ̀rọ náà padà lọ́wọ́ aṣòfin. Ó dì í mú, mo fà á, ó fà á, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo borí. Mo ní, "Mi ò wá aṣọ nínú dúrọ́ọ̀."

Aṣòfin tún na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, mo yí ẹ̀yìn sí i.

Mo ní, "Ó ti pe orúkọ ara rẹ̀. Mo ti rí tíkẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé kì í ṣe olè. Mo dúró, mo sì ro òfin yín: bó bá kú, olè ni, kò sẹ́ni tó máa bi mí. Bó bá yè, á sọ tẹnu rẹ̀. Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú ọta míì, mo kì í sínú ìbọn. Abẹ́rẹ́ dojú bolẹ̀, ó ń sọ pé, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ránṣẹ́ sí ìyàwó mi.' Mo na ẹnu ìbọn sí ẹ̀yìn orí rẹ̀, mo yìn ín. Kò dún. Mo tún un yìn. Kò dún. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ bàtà ìyàwó mi."

Ìyá arúgbó kan níwájú béèrè pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Kí ló dé tí kò dún?"

Mo ní, "Epo máṣíìnì ni, mà. Agolo epo mi ń jò. Ọta ti mu epo yó."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Mo yíjú sí aṣòfin, mo ní, "Ọ̀gá, ìbọn àkọ́kọ́, torí pé mo bẹ̀rù olè ni mo ṣe yìn ín. Ìkejì, torí òfin ni mo ṣe yìn ín. Ẹ bá mi wá ibi tí òfin yín ti dárí ìyẹn jì mí. Ká ní ọta yẹn dún ni, òfin yín ti dárí ẹ̀ jì mí nìyẹn, ẹ ò bá sì ti máa pàtẹ́wọ́ dòní." Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ tóbi yẹn ń kó ìwé rẹ̀ jọ. Onígbàjámọ̀ tí kì í gbowó lọ́wọ́ mi ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ má fẹ òfin yìí lójú. Ẹ fà á ya." Wọ́n dìde ní ìlà dé ìlà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì ń bẹ níbẹ̀ tí mò ń sunkún ayọ̀ bí ọmọ jòjòló, ọlọ́pàá kan dì mí lápá, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó di èkejì náà mú.

Kó tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n fagi lé òfin náà. Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ ò dúró dìgbà yẹn. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìpàdé gbọ̀ngàn ni wọ́n tú u sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń mú mi wọlé. Ẹnu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n la ti pàdé, òun ń jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, èmi ń wọlé pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, èmi tí mo jù ú lọ ní ogún ọdún. Mo ní, "Abẹ́rẹ́, o ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀?"

Ó ní, "Mo gbọ́." Ó gbé ara lé ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ́."

Mo ní, "Mo pẹ́."

Ó ní, "Ẹ dìde, ọ̀nà lẹ dí mọ́ mi. Ìyàwó mi ń bẹ níta."

Mo dìde fún un, ó kọjá. Mo gbọ́ ariwo tí wọ́n fi pàdé rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, mi ò tíì gbọ́ ìró tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fún mi. Nígbà tí adájọ́ kà á tán, mo ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa mi," ó sì bi agbẹjọ́rò mi bóyá orí mi pé. Ó pé. Mi ò tíì bẹ Abẹ́rẹ́ pé kó dárí jì mí, torí ẹni tó pẹ́ tó mi kì í tún kánjú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mo ní ọ̀rọ̀ fún. Bí ẹrù rẹ bá ń lọ lójú rẹ, pariwo, sáré tẹ̀ lé e, bú u títí dé ìran baba rẹ̀. Ẹrù lásán ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá bá yín pẹ̀lú òfin tó ní kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè, ẹ sá fún un. Mo ti gbé nínú ilé tí wọn kì í ti í bi mí léèrè, mo sì ń gbé báyìí nínú èyí tí wọ́n ti ń bi mí láràárọ̀, tí wọ́n ń pè mí lórúkọ, tí mo sì ń dáhùn. Ibí ni mo ti ń sùn dáadáa.