Àwo Búrẹ́dì Tí Wọ́n Ń Gbé Fo Dọ́kàsì

Ṣé òun ló rán yín? Ẹ má purọ́ fún mi, Ìyá Sùfíyánù, ojú yín ti sọ ọ́. Bàbá Dọ́kàsì ló ní kí ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ kí n kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, àbí? Háà! Ọkùnrin yẹn gbọ́n o! Ó mọ̀ pé tí àwọn ará ìjọ bá wá, màá lé wọn dànù, ló bá lọ bẹ ẹ̀yin, ìyàwó àáfáà, ará Ìlọrin tí mi ò lè ṣàfojúdi sí. Ẹ jókòó. Ẹ jókòó sórí ẹní níbẹ̀, ooru àdúgbò Kalley yìí ò jẹ́ kéèyàn dúró sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, torí mo mọ̀ pé òun ò ní sọ bó ṣe rí.

Ẹ mọ Dọ́kàsì. Nígbà tí dókítà da Faransé bò mí, tó ní tírísómì, tírísómì, ẹ̀yin lẹ túmọ̀ ẹ̀ fún mi pé bí Ọlọ́run ṣe dá a látinú oyún nìyẹn, kì í ṣe àrùn tí oògùn ń wò sàn. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Òun nìkan ni mo bí tó yè. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ò yá lẹ́nu ẹ̀, àmọ́ ṣé kì í kí yín láràárọ̀? Ṣé kì í bá mi ká àǹkárá ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jà Maourey, kó sì ká a dáa ju tèmi lọ?

Ó dáa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ẹni tí kò bá tíì ṣèrìbọmi kì í jẹ Oúnjẹ Olúwa. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lóṣù, àwọn díákónì á gbé àwo búrẹ́dì káàkiri, búrẹ́dì Faransé lásán tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, pẹ̀lú bisáàpù, sóbò tiwa nílé, nínú kọ́ọ̀pù tí kò tó ìdérí ìgò. Ṣé ẹ mọ díákónì tó ń gbé àwo wá sí ìlà tiwa? Bàbá ẹ̀! Bàbá tó bí i lọ́mọ! Dọ́kàsì á na ọwọ́, bàbá ẹ̀ á gbé àwo sókè, á gbé e fò ó, á nà án sí ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e. Oṣooṣù! Láti ìgbà tó ti tó ọmọ ọdún mélòó kan! Á wá máa wo ẹnu mi bí mo ṣe ń jẹ. Ẹ wá bá mi gbé irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ mì.

Mo ní kò burú, kó ṣèrìbọmi nígbà náà. Mo mú un lọ sí kíláàsì, oṣù mẹ́ta gbáko, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Wọ́n wá bi í léèrè níwájú àwọn àgbà. Wọ́n ní, ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ti dá? Ó ní, mo fọ́ àwo Màmá. Wọ́n ní, kí ló dé tó o fi fẹ́ ṣèrìbọmi? Ó ní, kí n lè bá Màmá jẹun. Wọ́n rẹ́rìn-ín! Àgbàlagbà! Wọ́n ní oúnjẹ ló ń wá, kò mọ ohun tó ń ṣe. Jọ̀ọ́, kí ni àwọn yòókù ń wá níbẹ̀? Èmi tí mo ti ń jẹ ẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n bá bi mí, mi ò ní ìdáhùn tó dáa jù yẹn lọ.

Pásítọ̀ wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Ó ní áńgẹ́lì ni Dọ́kàsì, ó ní ọmọ ìjọba ọ̀run ni, kò nílò omi. Mo ní ọ̀run tí ẹ fún un yẹn, ẹ ò wá lè fi búrẹ́dì kín-ń-kín lé e? Ó ní òfin ìjọ ni. Áńgẹ́lì! Áńgẹ́lì tí mò ń ra páàdì fún lóṣooṣù!

Ó wá di Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. Bàbá ẹ̀ gbé àwo dé, ọmọ na ọwọ́, ó gbé e fò ó. Àmọ́ lọ́jọ́ yìí, Dọ́kàsì sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, èmi ńkọ́?" Yéè! Ìyá Sùfíyánù, bàbá ẹ̀ ò wò ó. Ó wo ògiri. Mi ò mọ ìgbà tí mo já tèmi sí méjì tí mo fi ìdajì sí i lẹ́nu. Wálláhì, mi ò mọ̀! Ẹ wò ó, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní wálláhì. Ó pa ojú dé, ó rọra jẹ ẹ́, bó ṣe ń rí wa tí à ń ṣe é gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́rú wọ́n pe ìpàdé. Ìbáwí oṣù mẹ́fà! Kí n máa jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kí n má bá ẹgbẹ́ akọrin kọrin, kí n má jẹ Oúnjẹ Olúwa. Àfi tí mo bá kọ lẹ́tà, kí n dìde kà á níwájú ìjọ pé mo ti ṣẹ̀. Bí mi ò bá kọ ọ́, wọ́n á gba ipò díákónì lọ́wọ́ ọkọ mi.

Kí lẹ wí? Pé ìwé lásán ni? Ṣé kí n dúró níwájú ọmọ mi, kí n kà á sí i létí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá nígbà tí mo fún un jẹ? Ó ń gbọ́ o! Gbogbo ohun tí à ń sọ yìí ló ń gbọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì míì kẹ̀? Níbo? Faransé ni wọ́n fi ń gbàdúrà nínú àwọn yòókù, tàbí Zarma, tàbí Haúsá. Ta ni Dọ́kàsì fẹ́ bá kọrin níbẹ̀? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an kì í ṣe búrẹ́dì, Ìyá Sùfíyánù. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ẹ̀jẹ̀ ríru ò jẹ́ n gbádùn. Ọjọ́ tí mo bá kú, ta ló máa gba ọmọ yìí? Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà nínú ìwé ìjọ, wọn kì í pa á tì. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á gbé oúnjẹ lọ fún un. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀, àlejò ni. Ìdí tí mo fi ń wá ìrìbọmi nìyẹn! Kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ mi sílẹ̀ kí n tó lọ! Bí mo bá bínú jáde, mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí mo bá kọ lẹ́tà, èmi ìyá ẹ̀ ni mo sọ pé kò yẹ. Ẹ bá mi wá ọ̀nà tí mo máa gbà. Mo ti gbàdúrà títí, mo bá Ọlọ́run jà, mo tún bẹ̀ ẹ́, kò tíì fọhùn.

Rárá o, mi ò kọ ìwé, mi ò sì jáde. Màá jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi.

Lánàá ni mo ṣàlàyé fún un pé èmi náà ò ní jẹ mọ́, pé wọ́n á máa gbé e fo èmi náà. Mo rò pé á sunkún. Kò sunkún. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Màmá, tí wọ́n bá ti ń bọ̀, fi ọwọ́ sábẹ́ itan. Kò ní lè nà."

Ẹ lọ sọ ìyẹn fún bàbá ẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan kún un.